“Ìbọn bà á” àbí “ọlọ́pàá yìnbọn pa á”? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Atúròyìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ tèmi ò ju pé kí n gba ìròyìn tó wá lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sọ ọ́ di Yorùbá, kí n gbé e fún ẹni tó máa kà á lórí rédíò. Ọdún kẹsàn-án rèé. Nínú gbogbo ohun tí mò ń tú, kò sí èyí tó ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí tó ìròyìn ẹni tí ọlọ́pàá yìnbọn pa.

Ẹ gbọ́ eléyìí. Àtẹ̀jáde kan wá láti ọ́fíìsì alukoro ọlọ́pàá. Wọ́n ní afurasí kan kú nígbà tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dojú ìbọn kọ àwọn ọlọ́pàá. Akọ̀ròyìn wa tó débẹ̀ ní òun bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ọmọ náà ń sá lọ ni, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wá kọ ọ́ báyìí: “Ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Alukoro ní afurasí ni, àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò gbé ìbọn.” Olóòtú mi fa ìlà pupa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tó jáde lórí afẹ́fẹ́ ni: “Ìbọn ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó sì gbabẹ̀ kú.” Ó ní ká má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn ò tíì parí tí fóònù fi ń dún. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ló kọ́kọ́ pè: “Ṣé ìbọn yẹn ní ẹsẹ̀ ni, tó fi rìn wá bà á?” Ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá: kí ló dé tá a pe afurasí ní ọ̀dọ́mọkùnrin? Ẹbí ní a ti gba ẹ̀gúnjẹ. Ọlọ́pàá ní a fẹ́ dá ìlú rú.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú ìròyìn yìí rí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, tàbí tó jẹ́ ilé yín ló ti ṣẹlẹ̀, kí lojú yín rí?

Bàbá Ẹléfẹ̀:
Tí ẹbí bá bú yín, tí ọlọ́pàá náà bú yín, iṣẹ́ yín pé nìyẹn.

Amòfin Kékeré:
Bàbá Ẹléfẹ̀, mi ò gbà. Ẹni tó pe ìyá ní bàbá, tó pe bàbá ní ìyá, àwọn méjèèjì ló máa bú u. Ṣé ìyẹn ni pé ó mọ̀ wọ́n dáadáa?

Bàbá Ẹléfẹ̀:
Lọ́yà ti dé o. Ẹ bá wọn wá àga.

Ewú Olóòtú:
Ọmọdé ni yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà tí kò sí fóònù alágbèéká. Ìgbà yẹn, àgọ́ ọlọ́pàá ni ìròyìn irú èyí ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Akọ̀ròyìn á lọ láàárọ̀, wọ́n á ka ìwé fún un, á kọ ọ́, ó di ọ̀la. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Dele Udo lójú pópó l’Ékòó lọ́dún 1981, ariwo ta nítorí eléré sísá tó ti sáré fún Nàìjíríà ni. Ẹni tí kò sáré fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ìlà méjì péré: ìbọn ṣèèṣì yìn, tàbí adigunjalè kan bá ìbọn lọ.

Èmi alára ò mọ́ o. Ìgbà kan tí mo wà nídìí tábìlì, a gbé àkọlé kan jáde: “Ọwọ́ Ọlọ́pàá Tẹ Adigunjalè Mẹ́ta, Ọ̀kan Kú.” Mi ò fi “wọ́n ní” síbẹ̀. Kí nìdí? Àyè ò gbà á, lẹ́tà ti pọ̀ jù. Ẹ ẹ́ rí i, ohun tó ń sọ èèyàn di olè nígbà mìíràn ò ju àyè lẹ́tà márùn-ún lọ. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá kan wọlé tọ̀ mí wá. Kò pariwo. Ó mú ìwé ẹ̀rí kan jáde nínú ọ̀rá, èyí tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù iṣẹ́ mẹkáníìkì, oṣù méjì ṣáájú. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó tẹ́ ìwé ìròyìn wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, mo wá béèrè ni. Nínú méjèèjì, èwo ni ti ọmọ mi?”

A tẹ àtúnṣe. Ìlà mẹ́rin, ojú ewé kọkànlá, lábẹ́ ìpolówó táyà.

Ibi tí mò ń lọ gan-an… mo ti gbàgbé. Ẹ̀n-ẹ́n, ti Apo l’Abuja lọ́dún 2005. Ọkùnrin márùn-ún, obìnrin kan ni ọlọ́pàá pa. Ọlọ́pàá ní adigunjalè ni wọ́n. Ká ní àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn ò tú jáde ni, adigunjalè ni wọn ì bá máa jẹ́ títí dòní. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, wọ́n rí i pé irọ́ ni. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún méjì nínú àwọn ọlọ́pàá náà. Ẹ ka iye ọdún yẹn.

Ìyá Ìbejì:
Ìlà mẹ́rin!

Ọmọ Kámẹ́rà:
Lábẹ́ táyà!!

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tiẹ̀ lọ bẹ bàbá yẹn lẹ́yìn náà?

Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì:
Ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé kan ṣoṣo láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti wọ aṣọ náà rí sọ̀rọ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọ̀ ọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn olè da ìbọn bo ọkọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló rin ṣòkòtò mi. Àwa náà yìn, ọ̀kan nínú wọn ṣubú. Ilẹ̀ mọ́, mo ra ìwé ìròyìn: “Ọlọ́pàá sọ pé adigunjalè ló pa ọlọ́pàá kan.” Ọlọ́pàá SỌ PÉ! Òkú èèyàn wà nílé ìgbókùúsí, ẹ ní a sọ pé. Ìyàwó rẹ̀ bi mí léèrè: ṣé wọn ò gbà pé ó ti kú ni? Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Bẹ́ ẹ bá máa fi “wọ́n ní” sí ti ọlọ́pàá, ẹ fi sí ti ará àdúgbò náà. Àwọn mẹ́ta tó ní ọmọ yẹn ò gbé ìbọn, ṣé wọ́n tú àpò rẹ̀ wò ni?

Atúròyìn:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ tún tèmi kà ná: mo fi “ní” sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì:
Mo rí i. Tìẹ dára. Ti olóòtú rẹ ni mi ò fara mọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọlọ́pàá, tí mo bá yìnbọn, mo yìn ín ni. Tí mo bá ti dé àgọ́, mo gbọ́dọ̀ ro iye ọta tí mo lò, kí n sì fọwọ́ sí i. “Ìbọn bà á” kì í ṣe èdè ọlọ́pàá gidi. Èdè ẹni tó ń sá ni.

Bàbá Ẹléfẹ̀:
Haa. Mi ò retí ìyẹn láti ẹnu Sájẹ́ǹtì.

Amòfin Kékeré:
Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sápò mi rèé. Abala 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni kò jẹ́ ká pe ọlọ́pàá ní apànìyàn kí ilé ẹjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ti Bolanle Raheem, amòfin ẹgbẹ́ wa tí wọ́n yìnbọn pa l’Ajah lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 2022. Inú ń bí gbogbo wa, ṣùgbọ́n “ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn” la kọ títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2023 tí Adájọ́ Ibironke Harrison dá Drambi Vandi lẹ́bi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wàyí o, ọmọ tí wọ́n pa lójú títì, tí ìròyìn alẹ́ ọjọ́ yẹn ti pè ní adigunjalè, ilé ẹjọ́ wo ló dá a lẹ́bi? Òun ò sì ní dé iwájú adájọ́ láéláé.

Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì:
Lọ́yà, ka abala 33 náà sí wọn létí. Òfin mọ̀ pé ọlọ́pàá lè yìnbọn.

Amòfin Kékeré:
Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ó fàyè gba agbára tó bá pọn dandan láti mú ẹni tó yẹ ká mú tàbí láti má jẹ́ kó sá. “Tó bá pọn dandan” ni gbogbo ìjà náà. Akọ̀ròyìn tó kọ “wọ́n yìnbọn pa á nítorí ó fẹ́ sá” ti gbé “nítorí” yẹn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ Yorùbá:
Ẹ jẹ́ kí n já sí i, nítorí iṣẹ́ mi lẹ dé yìí. Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbọ́n kan tó fi ń gbé ẹni tó ṣe nǹkan pamọ́, á kàn dárúkọ ẹni tí wọ́n ṣe é sí, á sì pa ẹnu dé. Yorùbá ò ní irú ẹ̀. Ohun tí àwa ní ni “wọ́n”. “Wọ́n yìnbọn pa á.” Ta ni wọ́n? Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ ará àdúgbò. Ó sì tún lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tá à ń bọ̀wọ̀ fún! Mo gbọ́ ọ lórí rédíò kan rí: “Wọ́n ní wọ́n ti mú wọn lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa á.” Mo fi ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí wọ́n sọ ẹni tí “wọ́n” kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kò sẹ́ni tó gbà ju ìdajì lọ. Èmi náà ò mọ ọ̀kan níbẹ̀.

Bàbá Ẹléfẹ̀:
Wọ́n yìí ti pa èèyàn ju àrùn lọ, ọwọ́ ò sì tẹ̀ ẹ́ rí.

Ọmọ Kámẹ́rà:
Ọwọ́ ò tẹ̀ WỌ́N rí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ará Amẹ́ríkà:
Níbí, wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi “ìyìnbọn kan tó kan ọlọ́pàá”. Tó o bá gbọ́ ọ, o ò ní mọ̀ bóyá ọlọ́pàá ló yìn ín tàbí òun ni wọ́n yìn ín sí, tàbí ó kàn ń kọjá lọ. Ilé iṣẹ́ ìròyìn AP ti ní kí àwọn akọ̀ròyìn yàgò fún un. Ti Walter Scott ní North Charleston lọ́dún 2015 ló ṣí mi lójú: ìròyìn àkọ́kọ́ ní ó du ohun ìjà mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni fídíò ẹni tó ń kọjá jáde, ẹ̀yìn ni wọ́n ti yìn ín bó ṣe ń sá.

Kò-Dá-Mi-Lójú:
Ẹ máa gbé Amẹ́ríkà wá. Tí fídíò ò bá sí ńkọ́? Nílé wa, ariwo ìta gbangba náà ń parọ́. Ẹ rántí agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, Tiamiyu Kazeem, ní Ṣàgámù lóṣù kejì ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé e kiri pé SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè nígbà yẹn, yìnbọn pa á. Kò sí ọta kankan níbẹ̀, ọkọ̀ ló gbá a.

Ìyá Ìbejì:
Ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí SARS fi ń kó wọn lọ ní wọ́n tì í bọ́ sílẹ̀ ni!

Kò-Dá-Mi-Lójú:
Ọlọ́pàá ní ó bẹ́ ni. Ìjà tó wà níbẹ̀ nìyẹn, “wọ́n tì í” àbí “ó bẹ́”. Ẹni tó kọ “wọ́n yìnbọn” ti ba ìjà gidi jẹ́ mọ́ ẹbí lọ́wọ́, nítorí ọlọ́pàá á kàn dìde, wọ́n á ní “ẹ rí i, irọ́ ni”, wọ́n á sì jókòó.

Ìyá Ìbejì:
Ó dáa, mo gbà fún ọ lórí ìyẹn. Lórí ìyẹn nìkan o.

Ọmọ Kámẹ́rà:
Èmi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n mo ní tèmi. Oṣù kẹwàá ọdún 2020, mò ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan. Alẹ́ ogúnjọ́ oṣù yẹn, fídíò ìyìnbọn láti Lekki, níbi táwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn lórí SARS, ń rọ́ wọ fóònù mi bí òjò. DJ Switch tó wà níbẹ̀ ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí Instagram, gbogbo ayé ń wò ó. Ọ̀gá wa ní a ò gbọdọ̀ lo ìkankan àfi táwọn aláṣẹ bá fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wá kó ìròyìn táwọn ilé iṣẹ́ kan gbé jáde sórí Twitter tiwọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ “irọ́” mọ́ ọn lórí. Ṣé ìfìdímúlẹ̀ tá à ń retí nìyẹn? Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé tẹlifíṣàn AIT lórí, ó bu u lé Channels, ó bu u lé Arise. Wọ́n ní wọ́n lo fídíò orí ayélujára tí wọn ò yẹ̀ wò. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín músẹ́: “Ṣé ẹ rí i?” Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ló fi ṣe é tàbí ìbẹ̀rù.

Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì:
Ṣọ́jà nìyẹn o. Ẹ má da ẹrù wọn lé wa.

Atúròyìn:
Ṣọ́jà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí níbẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ Lekki gbé àbájáde kalẹ̀. Wọ́n pè é ní ìpakúpa, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré méjì tì í lẹ́yìn: “in context”. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ méjì yìí láti aago mẹ́ta títí di aago márùn-ún. Olóòtú ní tí n bá yọ ọ́, mo ti gbè sẹ́yìn àwọn tó fẹ̀hónú hàn. Tí n bá tú u sódì, mo ti gbè sẹ́yìn ìjọba.

Olùkọ́ Yorùbá:
“Ìpakúpa, tá a bá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.”

Amòfin Kékeré:
Rárá. “Ohun tó ṣẹlẹ̀ tó ohun tá a lè pè ní ìpakúpa.”

Olùkọ́ Yorùbá:
Lọ́yà, “tó ohun tá a lè pè” ti fi kún un. Níbo lo ti rí “lè” nínú ti wọn?

Bàbá Ẹléfẹ̀:
“Ìpakúpa, ṣùgbọ́n ẹ má pariwo.”

Atúròyìn:
😂 Mo kọ “ìpakúpa gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn náà ṣe rí”. Kò yé èmi gan-an tó kọ ọ́. Kò pẹ́ tí ìwé ìdáhùn ìjọba Èkó jáde tó ní kò sí ẹ̀rí tó gbe àwọn tí ìgbìmọ̀ ní wọ́n kú níbẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo tún jókòó.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Òwúrọ̀:
Ẹ̀yin ń jà lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Èmi, nítorí òwe ni wọ́n ṣe gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mò ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé ìròyìn láàárọ̀. Mo dé orí ọlọ́pàá tó yìnbọn pa awakọ̀. Mi ò dá sí i o. Mo ka àkọlé, mo mí kanlẹ̀, mo ní “Ẹni tó ń fi idà pani kì í jẹ́ kí wọ́n mú idà kọjá nípàkọ́ òun”, mo ṣí ojú ewé kejì. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀gá ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. “Ta lo pè ní ẹni tó ń fi idà pani?” Mo ní òwe ni, sà. Ó ní, “Òwe kọ́, ẹjọ́ lo ti dá.”

Ìmí kanlẹ̀ náà wà nínú ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ tí wọ́n fún mi. Ìpínrọ̀ kejì.

Bàbá Ẹléfẹ̀:
Ṣé wọ́n kọ bó ṣe gùn tó?

Olùkọ́ Yorùbá:
Ká ní “Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà” lo pa, wọn ò ní rí ọ mú.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Òwúrọ̀:
Ẹbí awakọ̀ á wá pè pé àwọn ni mò ń pè ní ẹnì kan.

Ewú Olóòtú:
Ọ̀gá yẹn jàre. Òwe kì í dúró láàárín. Mi ò rí òwe kan rí tí kò mọ ẹni tó fẹ́ bá wí.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Òwúrọ̀:
Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ àtúnṣe sábẹ́ táyà?

Ewú Olóòtú:
Ó bá mi.

Ọmọ Ìlú Ọba:
Mo ń kà yín láti àná. Ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ní Tottenham, ọlọ́pàá yìnbọn pa Mark Duggan. Àjọ tó ń bójú tó ẹ̀sùn ọlọ́pàá ló sọ fáwọn akọ̀ròyìn pé wọ́n yìnbọn síra wọn ni, gbogbo ìwé ìròyìn sì gbé e bẹ́ẹ̀. Duggan ò yìn rárá. Ọta tí wọ́n rí nínú rédíò tí ọlọ́pàá kan gbé sára, ti ọlọ́pàá ni. Àjọ náà padà tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìgboro ti gbiná. Kí inú yín má tíì dùn o: lọ́dún 2014, ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ikú rẹ̀ ní kò sí ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n yìn ín, wọ́n tún ní pípa tí wọ́n pa á bá òfin mu. Ẹ wá kọ ìyẹn sí àkọlé kan, ká wò ó.

Ọmọ Kámẹ́rà:
Ti Marikana ní South Africa, oṣù kẹjọ ọdún 2012, ni wọ́n fi kọ́ wa. Awakùsà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọlọ́pàá yìnbọn pa. Ẹ̀yìn ọlọ́pàá ni àwọn kámẹ́rà wà. Tẹ́ ẹ bá wo fídíò yẹn, ṣe lẹ máa rò pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń sáré bọ̀ wá bá, ẹ̀rù á bà yín. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn kú níbòmíràn, láàárín àwọn òkúta, níbi tí kámẹ́rà ò sí. Ó pẹ́ díẹ̀ káwọn èèyàn tó mọ̀. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá dé ibi kan, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ara mi ni: ẹ̀yìn ta ni mo dúró sí?

Àbúrò Rẹ̀:
Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá tó mú ìwé ẹ̀rí wá yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n ti yìnbọn fún ẹ̀gbọ́n mi. Akọ̀ròyìn kan wá sílé wa, èèyàn jẹ́jẹ́, ó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ó gbọ́ tẹnu wa, ó lọ gbọ́ tẹnu ọlọ́pàá. Ó ní ká fún òun ní fọ́tò. Màmá wa wá inú àpótí, wọ́n mú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi yà níbi ìgbéyàwó mi, aṣọ ẹbí ló wọ̀. Ìgbà tí ìròyìn jáde, fọ́tò orí Facebook rẹ̀ ni mo rí, èyí tó yà nígbà tó ṣì ń ṣọmọdé: dígí dúdú, ó dojú fìlà sẹ́yìn, ó na ìka méjì.

Ọ̀rọ̀ inú ìròyìn yẹn ò burú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìlà mélòó fún wa, ìlà mélòó fún wọn, ó dọ́gba. Mo wá ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. “Ọmọ Yahoo lèyí.” “Ojú olè.” Kò sẹ́ni tó ka ìròyìn yẹn. Fọ́tò ni wọ́n kà. Fíríìjì ni ẹ̀gbọ́n mi ń tún ṣe.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tu màmá nínú.

Atúròyìn:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Lórí rédíò, a ò ní fọ́tò. Mi ò ronú kan ìyẹn rí.

Kò-Dá-Mi-Lójú:
Ẹ má bínú o, ìbéèrè ni. Ṣé ó dá yín lójú pé ohun tí ẹbí sọ nípa bí wọ́n ṣe yìn ín náà ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ìwọ yìí!

Àbúrò Rẹ̀:
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà. Òótọ́ ni, mi ò sí níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ti fọ́tò nìyẹn, tí mi ò sọ ti ìbọn. Ti fọ́tò, mo wà níbẹ̀.

Ọmọ Kámẹ́rà:
Mo fẹ́ sọ nǹkan tẹ́ ẹ máa torí ẹ̀ bú mi. Ó ṣeé ṣe kí akọ̀ròyìn yẹn má mọ̀ sí i. Tó bá ti di òru, ẹni tó ń to ojú ewé á mú fọ́tò tó wà nílẹ̀. Ti Facebook máa ń yá ju ti inú àpótí.

Ìyá Ìbejì:
Òun náà kọ́ ló yìnbọn nígbà náà, fọ́tò kàn bà á ni?

Bàbá Ẹléfẹ̀:
Mo fẹ́ ṣe ẹ̀fẹ̀, ó kọ́ mi lẹ́nu.

Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì:
Ọmọ mi, mo kí ọ kú ọ̀fọ̀. Èmi àti ọ̀pọ̀ yín níbí ò fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n lórí fọ́tò, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ ò tiẹ̀ jáde rárá. Wọ́n fi fọ́tò ọkọ̀ tí ọta lù síbẹ̀.

Ewú Olóòtú:
Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá mo lọ bẹ bàbá ọmọ tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì yẹn. Mo ń sá fún ìbéèrè yẹn ni. Mo lọ, ó tó bí ọdún méjì lẹ́yìn náà. Wọ́n fún mi lómi, wọn ò bú mi. Bàbá yọ pọ́ọ̀sì, wọ́n mú ìlà mẹ́rin wa jáde, wọ́n ti gé e, wọ́n ti fi ike bò ó. Ọmọ wọn obìnrin kan ti fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn àna ń wádìí ìdílé, wọ́n sì ti gbọ́ pé olè wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìlà mẹ́rin yẹn làwọn mú lọ fi hàn wọ́n.

Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn àna gbà. Wọ́n ní wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ló dé tó fi kéré báyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá…

Atúròyìn:
Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Òmíràn ti wọlé láti nǹkan bíi wákàtí kan. Ìròyìn aago méje. Ọkùnrin kan kú, ọlọ́pàá méjì wà níbẹ̀, alukoro ti sọ tirẹ̀, ìyá olóògbé náà ti bá akọ̀ròyìn wa sọ̀rọ̀. Olóòtú mi ò sí nílé lónìí, èmi ni mo máa fọwọ́ sí i.

Amòfin Kékeré:
Má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn.

Sájẹ́ǹtì Tó Fẹ̀yìn Tì:
Sọ ẹni tó yìn ín. Sọ ohun tí wọ́n ní ó fà á. Má fi ìkan gbé ìkan mì.

Bàbá Ẹléfẹ̀:
Má mí kanlẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá:
Ṣọ́ “wọ́n”.

Atúròyìn:
Wọ́n ti kà á.

Olùkọ́ Yorùbá:
Mo gbọ́ ọ. “Ọlọ́pàá kan yìnbọn, ọkùnrin kan sì kú.” Ó yé mi. Ti alukoro yé mi. Àfi ibì kan níparí: “Wọ́n ní kì í pẹ́ níta.” Ta ni “wọ́n” yẹn?

Atúròyìn:
Ìyá rẹ̀ ni, sà. Mi ò lè pè wọ́n ní “ó”.